Họ́mọ̀nù àti thymus: ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè tó ń padà wá

A kó àwọn ìbéèrè yìí jọ torí pé wọn kì í tán. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó lọ́ pọ̀ wà nísàlẹ̀.

Kí ni thymus, ibo ló sì wà nínú ara?

Ẹ fi ìka kan eegun àárín àyà yín, lápá òkè tó ti sún mọ́ ọ̀fun. Ẹ̀yìn eegun yẹn, níwájú ọkàn àti ọ̀nà èémí, ni thymus wà. Ẹran rírọ̀ ni, ó pín sí apá méjì tó fara ti ara wọn. Lára ìkókó, ó tóbi débi pé ó bo òkè ọkàn. Lára ẹni àádọ́rin ọdún, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ àyà lè máa fi ọwọ́ tú ọ̀rá kiri kó tó dá ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ mọ̀.

Ṣé thymus náà ni thyroid?

Rárá o. Ọrùn ni thyroid wà, òun ló máa ń wú tí a fi ń sọ pé èèyàn ní gẹ̀gẹ̀. Orúkọ wọn ló jọra. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan pa àwọn méjèèjì pọ̀, a ó dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ wo gan-an ni thymus ń ṣe?

Òun ló ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì T ní iṣẹ́ ogun. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, títí kan àwọn funfun tó ń bá àrùn jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí kì í gbó síbẹ̀. Wọ́n á bá ẹ̀jẹ̀ rìn wọ inú thymus, ibẹ̀ ni wọ́n á ti di sẹ́ẹ̀lì T. Lẹ́tà T yẹn, thymus ló dúró fún. Bí wọ́n bá jáde, àwọn kan á máa pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò àrùn ti sá wọ̀, àwọn mìíràn á máa darí ìjà, wọ́n á máa sọ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù ìgbà tí wọ́n máa kọlù àti ìgbà tí wọ́n máa dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn wò. Sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wọlé, ó pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì gé apilẹ̀ àbùdá tirẹ̀, ó tún un tò bó ṣe wù ú, kó lè hu ọwọ́ kan tí kò jọ ti ẹnikẹ́ni. Ìdánwò àkọ́kọ́ wà ní èèpo thymus: ṣé ọwọ́ yìí lè di àmì ìdánimọ̀ tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ara mú? Èyí tí kò bá lè dì í mú, kò wúlò, láàárín ọjọ́ mélòó kan á kú. Ìdánwò kejì wà ní àárín. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti kó àpẹẹrẹ nǹkan ara wá: insulin tí oríṣun rẹ̀ jẹ́ pancreas, èròjà inú ojú, èròjà inú ìfun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì thymus fúnra wọn ló ń ṣe àpẹẹrẹ wọ̀nyí, apilẹ̀ àbùdá kan tó ń jẹ́ AIRE ló sì ń darí iṣẹ́ náà. Sẹ́ẹ̀lì tó bá rọ̀ mọ́ àpẹẹrẹ yìí gírígírí, ọ̀tá ilé ni. Wọ́n á ní kó pa ara rẹ̀, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ di onílàjà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pẹ̀tù sí ìjà.

Nínú 100 tó bá dé ibi ìdánwò, kì í tó 5 tó ń jáde láàyè. Bí ètò yìí ti ṣe kókó tó yìí, ọdún 1961 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Jacques Miller, tó ń ṣiṣẹ́ ní London, yọ thymus lára ọmọ eku tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó sì rí i pé agbára ìjà wọn ò dàgbà. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹran aláìníṣẹ́ ni.

Kí ló wá kan họ́mọ̀nù níbẹ̀?

Thymus kò ní ojú tó fi ń wo ìta. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ìròyìn wá fún un, họ́mọ̀nù sì ni ìròyìn náà: oúnjẹ pọ̀ nílẹ̀ tàbí kò sí, ewu wà nítòsí, ara ti bàlágà, oyún ti dúró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ń dàgbà ní etí tí wọ́n fi ń gbọ́ họ́mọ̀nù wọ̀nyí, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní receptor. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbé thymus ró, tó ń tọ́ wọn dàgbà, ní tiwọn pẹ̀lú.

Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ tó ń gbówó lórí ni thymus ń ṣe: ó ń bí ọ̀kẹ́ àìmọye, ó ń sin èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Tí nǹkan bá le fún ara, ara ń tètè dín iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kù. Lójú tèmi, ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn ti lóye ìdajì ohun tó kù lójú ìwé yìí.

Ṣé òótọ́ ni pé thymus máa ń kú bí èèyàn bá ti ń dàgbà?

Kì í kú, ó ń súnkì ni. Ọ̀rá ló ń gba ipò ẹran tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ kọ ọ́ pé ìgbà ìbàlágà ló ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò sì pé. Láti ọdún àkọ́kọ́ láyé ni ẹran tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ń dín kù, bíi 3 nínú 100 lọ́dún títí di ọjọ́ orí àárín, lẹ́yìn náà bíi 1 nínú 100 lọ́dún. Ìbàlágà kàn ń mú un yára ni. Ohun tó ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé ìwọ̀n gbogbo ẹ̀yà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí ọ̀rá ń kún àyè tó ṣófo.

Tó bá ti súnkì báyìí, kí ló ń dáàbò bo àgbàlagbà?

Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ti jáde tipẹ́. Wọ́n ń pẹ́ láyé, wọ́n sì lè pín ara wọn nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú àwọn kókó abẹ́ abíyá àti ti ọrùn láìpadà sí thymus. Lára àgbàlagbà, ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì T gbà ń pọ̀ sí i. Àwọn tó ti bá àrùn kan jà rí sì ń rántí rẹ̀.

Ohun tó ń dín kù ni oríṣiríṣi ọwọ́. Bí kòkòrò tí ara kò rí rí bá dé, arúgbó kò ní àwọn akọ́ṣẹ́ tuntun púpọ̀ tó lè gbá a mú. Ìdí kan nìyẹn tí àrùn tuntun fi ń le lára wọn jù, tí abẹ́rẹ́ àjẹsára mìíràn kì í sì í mú lára wọn bó ṣe ń mú lára ọ̀dọ́.

Kí ni họ́mọ̀nù ọkùnrin àti ti obìnrin ń ṣe fún thymus?

Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ti ọkùnrin ju ti obìnrin lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kíyè sí i pé ẹran tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, thymus rẹ̀ máa ń tóbi ju ti akọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi tí testosterone ti ń mú un ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbé thymus ró. Èròjà kan wà lára wọn tó ń jẹ́ DLL4, òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pé "sẹ́ẹ̀lì T ni kí o dà." Nínú eku, testosterone ń dín DLL4 kù. Àlejò dé, kò rí ẹni tó máa sọ iṣẹ́ fún un.

A rí ohun tó jọ ọ́ lára èèyàn. Àwọn ọkùnrin tó ní jẹjẹrẹ prostate máa ń gba oògùn tó ń dá testosterone dúró, wọ́n sì rí i lára àwọn kan nínú wọn pé sẹ́ẹ̀lì T tuntun pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. (Ẹnì kan ti béèrè bóyá kí òun lọ gba oògùn náà nítorí thymus. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Eegun, ọkàn àti ìgbéyàwó yín á san owó rẹ̀.)

Síbẹ̀, ẹ má di gbogbo ẹrù lé họ́mọ̀nù ìbálòpọ̀ lórí. Ọmọ ọdún méjì tí thymus rẹ̀ ti ń dín kù kò tíì ní testosterone kan tó tó nǹkan. Eku tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá lágbà, thymus rẹ̀ á tún dàgbà, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó fi máa padà súnkì.

Kí ló dé tí obìnrin fi ń ní àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ju ọkùnrin lọ? Ṣé thymus ló fà á?

Ó wà lára ohun tó fà á. Bí ọkùnrin àti obìnrin bá jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, thymus obìnrin ló sábà máa ń mú sẹ́ẹ̀lì T tuntun jáde jù. Ìyẹn dára fún ìjà pẹ̀lú àrùn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí AIRE, tó ń kó àpẹẹrẹ nǹkan ara wá síbi ìdánwò kejì. Estrogen ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn họ́mọ̀nù ọkùnrin sì ń gbé e sókè. Tí àpẹẹrẹ bá dín, ọ̀tá ilé á ráyè yọ́ jáde.

Nínú ẹni 10 tó ní lupus, ọ̀kan lára irú àìsàn yìí, bíi 9 jẹ́ obìnrin. Thymus nìkan kò lè ṣàlàyé èyí tán. Àwọn apilẹ̀ àbùdá ìdáàbòbò pọ̀ lórí kúrómósómù X, méjì sì ni obìnrin ní.

Ṣé oyún máa ń ba thymus jẹ́?

Kì í bà á jẹ́, ó ń fún un ní iṣẹ́ mìíràn ni. Thymus aboyún ń súnkì gan-an, ó sì ń padà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Progesterone ló wà nídìí rẹ̀. Ìdajì ọlẹ̀ inú, ti bàbá ni, àlejò ni lójú ètò ààbò ìyá. Tí thymus bá ń bá a lọ láti máa tú ọmọ ogun tuntun jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ewu ń bẹ.

Eku tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó gbé thymus rẹ̀ ró kò ní etí tó fi ń gbọ́ progesterone, thymus rẹ̀ kì í súnkì nínú oyún, kì í sì í bímọ dáadáa. Ní 2021, ìwádìí mìíràn lórí eku fi hàn pé bí thymus ti ń kéré, àwọn onílàjà tó ń jáde nínú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń lọ sínú ibi ọmọ àti sínú ọ̀rá ìyá. Tí wọ́n bá dí ọ̀nà yìí, oyún eku ń bàjẹ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń gòkè. Lára eku ni a ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kí aboyún má torí rẹ̀ wá oògùn kankan lò.

Ṣé àníyàn àti wàhálà lè pa thymus run?

Ìbéèrè yìí ló ń wá jù. Cortisol ni họ́mọ̀nù tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké méjì tó jókòó lé orí kíndìnrín ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ara bá wà nínú ìnira. Ní 1936, Hans Selye, tó wà ní Montreal, kọ̀wé nípa àwọn eku tó ti fi oríṣiríṣi ìyà jẹ: òtútù, ọgbẹ́, májèlé díẹ̀díẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́ ìyà náà, nǹkan mẹ́ta ló ń bá pàdé nínú wọn: ẹ̀yà orí kíndìnrín wú, ikùn bẹ́ egbò, thymus súnkì.

Àwọn tí cortisol ń pa jù ni àwọn sẹ́ẹ̀lì akẹ́kọ̀ọ́ tó wà láàárín ìdánwò inú thymus, èyí tí wọ́n kò tíì yan iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Wọ́n pọ̀ jù lọ nínú thymus, wọ́n sì jẹ́ ẹlẹgẹ́. Tí ẹ bá fún eku ní oògùn tó ń ṣe bíi cortisol, tó sì pọ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti kú. Ọmọ tí àrùn líle bá mú, thymus tirẹ̀ náà ń súnkì láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ń padà. Bí ìnira bá lọ, thymus ọmọdé á tún kún, nígbà mìíràn á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Tàgbà kì í yá bẹ́ẹ̀, kì í sì í padà tán. Àìsùn alẹ́ ọjọ́ kan tàbí ìjà pẹ̀lú ọ̀gá kò lè ṣe ohun tí àrùn líle, iná tó jó èèyàn tàbí iṣẹ́ abẹ ńlá ń ṣe, ẹ má fi ẹ̀rù kún àníyàn. Ohun kan tí kì í jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí: díẹ̀ nínú irú họ́mọ̀nù yìí, thymus fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, ó sì ń lò ó láti fi pinnu ẹni tó yege ìdánwò. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń pani.

Dókítà kọ prednisolone fún mi. Ṣé kí n dá a dúró nítorí thymus mi?

Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Prednisolone àti dexamethasone ń ṣe bíi cortisol, wọ́n sì lè mú thymus súnkì bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ẹ̀yà orí kíndìnrín tirẹ̀ ti sinmi, wọn ò ṣe cortisol mọ́. Bí oògùn bá dá lójijì, ara á wà láìní ọ̀kankan, ìyẹn sì lè pani. Dókítà ló ń fà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Èyí tí a ń fà símú fún ikọ́ fée (asthma), díẹ̀ ló ń dénú ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ irú oògùn yìí tí wọ́n ń fún aboyún tó fẹ́ bímọ tí oṣù kò pé, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ló ń ràn lọ́wọ́, ẹ̀mí ọmọ ló sì ń gbà là. Bí thymus bá tilẹ̀ kéré fún ìgbà díẹ̀, èrè rẹ̀ ju àdánù lọ.

Wọ́n ya X-ray ọmọ mi, wọ́n ní thymus rẹ̀ tóbi. Ṣé ewu ni?

Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Thymus ọmọ máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn lórí àwòrán, ó ní igun mẹ́ta bí aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Bí ọmọ bá mí sínú, á tẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá mí síta, á fẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ á wò ó, á sì kọjá lọ.

Ìtàn tó wà lẹ́yìn ìbéèrè yìí ò dùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, àwọn dókítà Yúróòpù àti Amẹ́ríkà gbà pé thymus ńlá ló ń fún ọmọ lọ́rùn pa lójú oorun. Wọ́n fún "àìsàn" náà ní orúkọ: status thymicolymphaticus. Ibo ni wọ́n ti rí thymus "tó tó ìwọ̀n" tí wọ́n fi ń wé e? Lára òkú àwọn tálákà tí àrùn àti ebi ti jẹ run kí wọ́n tó kú. Cortisol ti fún thymus wọn gbẹ. Nígbà tí wọ́n wá la àyà ọmọ tó kú lójijì tí kò ṣàìsàn rí, wọ́n rí thymus tó péye, wọ́n ní ó ti tóbi jù.

Láti 1907 ni wọ́n ti ń fi ìtànṣán X-ray jó thymus ọmọ kéékèèké kó lè kéré. Ó kéré lóòótọ́. Ní 1950 ni ìwé ìwádìí kan pe àkíyèsí sí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ thyroid ló ti gba ìtànṣán sí àyà ní kékeré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí nǹkankan kò ṣe ni wọ́n tọ́jú, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí họ́mọ̀nù ìnira ti ṣe sí òkú tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ṣé ebi tàbí àìjẹun-re-kánú ń kàn án?

Ó ń kàn án ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ọ̀rá ara ń tú họ́mọ̀nù kan jáde tó ń jẹ́ leptin, òun ló ń sọ iye oúnjẹ tó wà ní ìpamọ́. Bí ebi bá pa eku fún ọjọ́ méjì, leptin á já wálẹ̀, thymus á súnkì. Tí wọ́n bá gún eku náà lábẹ́rẹ́ leptin láìfún un lóúnjẹ, thymus rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì. Ìròyìn ebi gan-an ló ń bà á jẹ́.

Ọmọ tó bá rù nítorí àìjẹunkánú, thymus rẹ̀ máa ń kéré gan-an lórí àwòrán ultrasound. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ, ẹran ara lè ti padà kí thymus tó bá a, kí òbí má ṣe rò pé gbogbo ẹ̀ ti parí nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ti kún. Zinc náà ń kó ipa: thymulin, họ́mọ̀nù tí thymus fúnra rẹ̀ ń ṣe, kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ẹni tí zinc rẹ̀ ti pé tẹ́lẹ̀ kò ní jèrè nínú kíkó o jẹ. Èyí tó bá pọ̀ jù ń dínà fún bàbà tí ara nílò.

Ẹ ní thyroid kan thymus. Báwo?

Ẹni tí thyroid rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí àìsàn Graves, thymus rẹ̀ lè wú. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé wọ́n rí kókó nínú àyà irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù jẹjẹrẹ bà wọ́n, wọ́n fẹ́ gé e. Bí wọ́n bá tọ́jú thyroid, kókó náà sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan.

Ṣé họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè lè jí thymus arúgbó?

Díẹ̀, ó sì ní iye tó ń gbà. Họ́mọ̀nù yìí, tó ń jáde láti abẹ́ ọpọlọ, ń gba ọwọ́ èròjà kan tó ń jẹ́ IGF-1 ran thymus lọ́wọ́. Lára àwọn àgbàlagbà tó ní kòkòrò HIV, ìwádìí rí i pé ó mú ẹran thymus pọ̀, sẹ́ẹ̀lì T tuntun sì pọ̀ sí i.

Ní 2019, ìròyìn jáde nípa ọkùnrin mẹ́sàn-án, ọjọ́ orí 51 sí 65, tí wọ́n gba họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè pọ̀ mọ́ họ́mọ̀nù mìíràn tó ń jẹ́ DHEA àti metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, fún ọdún kan. Ọ̀rá inú thymus ọ̀pọ̀ nínú wọn dín kù lórí àwòrán MRI. Ìròyìn náà tàn ká ayé bí ẹni pé ìgbà èwe ti padà. Ẹni mẹ́sàn-án péré ni, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fi wé wọn. Metformin wà níbẹ̀ nítorí pé họ́mọ̀nù ìdàgbàsókè ń ti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra abẹ́rẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò wo ló lè fi hàn bóyá thymus mi ń ṣiṣẹ́?

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán tó ń ka sẹ́ẹ̀lì funfun kò lè sọ ọ́, torí kò mọ sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ yàtọ̀ sí ti tuntun. Èyí tó lè sọ ọ́ ni TREC. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì T ń gé apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ láti hu ọwọ́, èyí tó gé sọnù máa ń ká bí òrùka, ó sì ń wà nínú rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá pín sí méjì, òrùka kì í pín. Ọmọ kan ló ń gbé e. Nítorí náà, òrùka tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti thymus dé.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ṣe é láti rí àwọn tí a bí láìní sẹ́ẹ̀lì T. Àgbàlagbà tí nǹkankan ò ṣe kò nílò rẹ̀.

Wọ́n yọ thymus nígbà iṣẹ́ abẹ ọkàn. Kí ni ká máa retí?

Lára ìkókó, ó bo ọ̀nà ọkàn, dókítà sábà máa ń yọ apá kan tàbí gbogbo rẹ̀ kó lè ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ń dàgbà láìsí ìyọnu ńlá, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì T tuntun inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré ju ti ẹgbẹ́ wọn. Ẹ rí i pé wọn kò pàdánù abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan, kí ẹ sì sọ fún dókítà tuntun yòówù tó bá ń tọ́jú wọn.

Fún àgbàlagbà, ìwádìí kan láti Boston ní 2023 tú ohun kan fó. Láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, 8.1 nínú 100 àwọn tí wọ́n yọ thymus wọn ló kú, tó fi jẹ́ 2.8 nínú àwọn tí iṣẹ́ abẹ àyà tiwọn kò kan thymus. Jẹjẹrẹ mú 7.4 nínú 100, àwọn yòókù 3.7. Irú ìwádìí yìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé yíyọ ọ́ ló fà á. Ó tó láti mú kí dókítà rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e láìnídìí.

Ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti parí, àwòrán wá fi kókó hàn nínú àyà. Ṣé ó ti padà ni?

Ó lè jẹ́ thymus ló ń padà. Oògùn jẹjẹrẹ ń mú un súnkì, àti steroid (irú oògùn bíi prednisolone) tí wọ́n sábà ń fún èèyàn pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lè kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pàápàá lára ọmọdé àti ọ̀dọ́, á sì máa tàn lórí àwòrán PET bíi jẹjẹrẹ. Onímọ̀ àwòrán máa ń wo bó ṣe rí, bóyá ó ṣì ní igun mẹ́ta rẹ̀ àti ọ̀rá nínú, wọ́n sì lè tún un yà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gba ẹran níbẹ̀. Ẹ béèrè ìbéèrè yìí lọ́wọ́ wọn tààrà.

Kí lẹ rí sí àwọn oògùn oníkóró tí wọ́n ní ẹran thymus màlúù ló wà nínú wọn?

Tí ẹ bá gbé e mì, ikùn á dà á bíi ẹran yòówù. Ohun tó yàtọ̀ ni thymosin alpha 1, tí àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí bí abẹ́rẹ́ fún àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B. Abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn.

Bí thymus bá tóbi, ṣé ó ti dára náà nìyẹn?

Kò fi bẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn kan wà, myasthenia gravis, tí ìpéǹpéjú fi ń wálẹ̀, tí èèyàn fi ń rí nǹkan ní méjìméjì, tí ẹnu fi ń rẹ̀ ẹ́ láti jẹun tán. Ara ló ń ṣe èròjà tó ń dí ibi tí iṣan ti ń gba àṣẹ látọ̀dọ̀ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní i, pàápàá obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, thymus wọn ti wú, ó kún fún sẹ́ẹ̀lì B tí kò yẹ kó pọ̀ níbẹ̀. Bíi 10 sí 15 nínú 100 wọn ló ní kókó tòótọ́ nínú thymus, èyí tó ń jẹ́ thymoma.

Nínú irú ara bẹ́ẹ̀, ilé tó yẹ kó máa sẹ́ ọ̀tá ilé ló ń tọ́ ọ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tí kò tilẹ̀ ní thymoma, bí wọ́n bá yọ thymus wọn, agbára wọn ń padà ju ti àwọn tó lo prednisone (ẹgbẹ́ prednisolone) nìkan lọ, oògùn náà tí wọ́n nílò sì dín kù. Torí ẹ̀ ni dókítà ṣe máa ń ní kí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òun ní àìsàn yìí lọ ya àwòrán àyà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpéǹpéjú nìkan ló gbé wá.